Ta Ló Láṣẹ Láti Gégùn-ún fún Ilẹ̀?

Nígbà tí ogun fọ́ Òwu-Ìpólé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ṣẹ́gun kò dáwọ́ dúró níbẹ̀. Wọ́n ti jó ilé, wọ́n ti wó odi, wọ́n ti kó ìyá tọmọ lẹ́rú, síbẹ̀ ó ku ohun kan tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ìlú náà tẹ̀ dó láéláé. Wọ́n ti dá èèyàn lẹ́jọ́ tán, wọ́n wá kọjú sí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́nà méjì. Ọmọ Òwu ni bàbá mi, láti Òkè-Àgọ́ Òwu ní Abẹ́òkúta. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ọmọ ẹni tí wọ́n lé jáde ni mí, ọmọ ẹni tó yìnbọn lé e náà ni mí. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ, títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Ire-Àkárí níhìn-ín ní Ìsọlọ̀, ìbéèrè tí mo sì gbé wá kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ǹjẹ́ èèyàn lè fi ègún de ilẹ̀? Bí ó bá lè dè é, ǹjẹ́ Ọlọ́run á fọwọ́ sí i?

Inú ìwé Samuel Johnson ni mo ti ka ọ̀rọ̀ àṣẹ náà. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni. Ọdún 1897 ló parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tó kọ, ó kú ní 1901 láì rí i kí ó di títẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì sọnù. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, tí ìwé náà fi jáde ní 1921. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ẹni tó bá ń kà á á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bo ohun tí wọ́n ṣe fún Òwu mọ́lẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Ọjà Apòmù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣòwò, ibẹ̀ náà sì ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà. Àwọn ìjòyè ogun Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá wọn fòpin sí i. Olówu jẹ́ iṣẹ́ náà, ọwọ́ líle ló sì fi jẹ́ ẹ: ó fọ́ àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà ní sàkání ibẹ̀. Ifẹ̀ gbógun tì í, Òwu ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà kan náà láàárín Ìjẹ̀bú àti Òwu, lórí ataare, lórí iye ẹyọ tó yẹ kó pé tí kò pé. Ìjà ataare di ìjà ìlú. Òwu wó Apòmù, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú ṣòfò ẹ̀mí àti ẹrù. Ìgbà yìí ni Ìjẹ̀bú dìde pẹ̀lú Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé tiwọn sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ rò ó wò. Òwu tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá lé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n padà kó lẹ́rú, àwọn ọmọ ẹni tó rán an níṣẹ́ sì wà lára àwọn tó kó o.

Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú nítorí òwò wọn pẹ̀lú àwọn ará etí òkun. Idà gígùn ni Òwu mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò bí ọ̀tá bá sún mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìbọn kì í dúró de kí èèyàn sún mọ́ ọn. Síbẹ̀ odi Òwu kò wó bọ̀rọ̀. Wọ́n dó tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ebi ló ṣẹ́gun ìlú náà. Nígbà tí iṣu àti àgbàdo tán, awùjẹ ni wọ́n ń sè jẹ, ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kò ka sí oúnjẹ lásìkò yẹn, àwọn tó dó tì wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n se awùjẹ nínú ilé rẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá gbé e wá láti ọjà, á ní kí ó gbé e padà sọ́wọ́ ẹni tó tà á. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún àwa ọmọdé. Ìwé Johnson ló wá jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀sín yẹn ṣì ń dun ìyá àgbà tí kò rí ogun náà rí.

Olówu Akínjọbí sá àsálà. Àwọn tó kù fọ́n káàkiri, àwọn kan bá Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 1830, àwọn tí wọ́n tà sọdá òkun dé ibi tí orúkọ Òwu kò ti jẹ́ nǹkan kan létí ẹnikẹ́ni. Fẹ́mi Òṣófisan kọ eré Women of Owu lórí àwọn obìnrin tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn odi tó wó, ó gbé e karí eré àtijọ́ ti Euripides nípa àwọn obìnrin Troy. 2006 ló jáde ní ìwé. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá kà á.

Ní ti àṣẹ tí mò ń wí, Johnson ní àwọn aṣẹ́gun fòfin de ilẹ̀ náà, wọ́n tún ní bó ti wù kí ìlú tó sún mọ́ ọn jù tóbi tó, odi rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ibi tí ọjà Òwu wà tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ní 1873, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Akínládé gbìyànjú láti tẹ abúlé kékeré kan dó sórí àlàpà náà. Kíá ni wọ́n pàṣẹ kí wọ́n fọ́ ọ. Ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí odi ti wó! Àwọn tó jagun náà ti kú tàbí kí wọ́n ti darúgbó, àwọn ọmọ Òwu ti kọ́lé sí Abẹ́òkúta, ẹ̀sìn Kristi àti Ìsìláàmù ti wọ ilé wọn. Ahéré mélòó kan nínú igbó, kí ló lè ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àǹjọ̀nú ló lé Akínládé. Ilẹ̀ kò mì, omi kò gbẹ, àrùn kò pa wọ́n. Ìwé ọ̀hún kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló ránṣẹ́, èèyàn ló wó abúlé. Bí ègún náà bá lágbára tí wọ́n ní ó ní, kí ló dé tí ó fi nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ?

Àwọn tó mọ Bíbélì á ti máa rántí Jẹ́ríkò. Jóṣúà náà gégùn-ún fún ìlú tó ṣẹ́gun: ẹni tó bá tún un kọ́, yóò fi àkọ́bí rẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, yóò sì fi àbíkẹ́yìn rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ró. Nígbà ayé Áhábù, Híélì ará Bẹ́tẹ́lì kọ́ ọ, Ábírámù àti Ségúbù ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí. Mo ti gbọ́ ọ ní ìsọjí tí ó pọ̀ láti Máfolúkù dé Òkòtà: ẹ wo Híélì, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí a ti fi bú!

Wọn kì í ka ìwé náà síwájú. Èyí tí wọ́n kà wà ní ìwé Ọba Kìíní, orí 16. Bí ẹ bá ṣí i dé Ọba Kejì, orí kejì, ẹ ó bá àwọn ọkùnrin ìlú Jẹ́ríkò níbi tí wọ́n ti ń bá Èlíṣà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbé ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ibùdó ìlú àwọn dára, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ burú, ilẹ̀ kò sì so èso. Èlíṣà kò sọ fún wọn pé, ẹ kúrò níbẹ̀, Jóṣúà ti fi í bú. Kò bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé ibi èèwọ̀. Ó ní kí wọ́n bu iyọ̀ wá nínú àwo tuntun, ó lọ sí orísun omi náà, ó da iyọ̀ sí i, ó sì kéde ní orúkọ Olúwa pé ara omi náà ti dá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú yìí kan náà ni Jésù gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ó ti la ojú Bátíméù, ibẹ̀ ni ó ti pe Sákéù sọ̀kalẹ̀ lórí igi tó sì wọ̀ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Jẹ́ríkò kọ́ wa nípa ègún, kó fi gbogbo Jẹ́ríkò kọ́ wa.

Lẹ́yìn ìkún omi, ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹjọ, Ọlọ́run sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní fi ilẹ̀ bú mọ́ nítorí èèyàn. Bí Ẹni tó dá ilẹ̀ bá ti jáwọ́ nínú fífi í bú, mi ò rí ibi tí balógun kan ti gba àṣẹ tirẹ̀.

Àwọn baba wa tí kò ka Bíbélì pàápàá mọ ohun tó jọ èyí. Nínú Ògbóni, Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń múlẹ̀, òun ni ẹlẹ́rìí, òun ni adájọ́ ẹni tó bá dalẹ̀. Adájọ́ kì í jókòó sí ibi tí ẹlẹ́jọ́ ń jókòó sí. Bí èèyàn bá wá ń gégùn-ún fún ohun tí gbogbo ìbúra ń lọ bá, mo rò pé ó ti ṣi àdírẹ́ẹ̀sì kọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ṣe irú èyí. Ní Japan, ní ìlà-oòrùn ayé, ilé olódi kan wà tí wọ́n ń pè ní Hara, lẹ́bàá òkun ní Shimabara. Ní ìparí 1637, àwọn àgbẹ̀ tí owó orí ti rẹ̀ dìde sí olórí wọn, Matsukura Katsuie. Kristẹni ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ìjọba ti fòfin de ẹ̀sìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Amakusa Shiro ló sì ṣáájú wọn. Wọ́n kó sínú odi Hara tí wọ́n ti pa tì, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Ìjọba kó ọmọ ogun tó lé ní 100,000 tì wọ́n, ebi mú wọn bó ṣe mú Òwu, odi náà sì ṣubú ní oṣù kẹrin 1638. Ìtàn ní wọ́n tó 37,000 tí wọ́n pa níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó àwọn òkúta odi náà lé òkú lórí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò mọ́.

Ìjọba yìí kan náà bẹ́ orí Matsukura nítorí ìṣàkóso burúkú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé olórí náà ló fa ọ̀tẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi ìyà jẹ òkúta. Ní 1873 ni wọ́n tó ká àwọn pátákó òfin tó de ẹ̀sìn Kristi kúrò ní Japan, ọdún kan náà tí wọ́n fọ́ abúlé Akínládé níbí. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń wú egungun àti àgbélébùú kéékèèké jáde níbẹ̀. Òjé ìbọn ni wọ́n yọ́ fi ṣe àwọn mìíràn. Ní 2018, àjọ UNESCO kọ àlàpà Hara mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Odi tí wọ́n fẹ́ kí ojú má rí mọ́ ni ayé wá ń rìnrìn àjò lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àdúgbò mi, nítorí ọ̀rọ̀ ègún ilẹ̀ kò jìnnà sí wa níbí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní 2002, ilé ìkóhun-ìjà àwọn ológun ní Ìkẹjà bú gbàmù. Àwọn èèyàn ń sá láì mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀pọ̀ wọn sì kó sínú kánààlì Òkè-Àfà. Àwọn tó ṣòfò nínú ìjàǹbá náà lé ní 1,000, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ìsọlọ̀ ni mo ń gbé nígbà yẹn. Mo mọ àwọn ìyá tó wá ọmọ wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Kò pẹ́ sí i tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó tu èèyàn nínú pé ilẹ̀ Òkè-Àfà ti gba ẹ̀jẹ̀, pé ó ń bèèrè sí i, pé kí ẹni tó bá gbọ́n kó kúrò. Ó dùn mí gan-an. Àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì Jákàńdè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbo ni kí wọ́n kó lọ? Kí ló kan koríko tó hù sórí omi náà nínú ìbọn tí èèyàn kó jọ sí àárín ìlú? Ìgbà tí a bá ti sọ pé ilẹ̀ ló burú, a kì í tún béèrè ọwọ́ ẹni tó gbé ohun ìjà síbẹ̀. Ègún ilẹ̀ máa ń gba ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí wọ́n wó ọjà Owónifáàrí ní Òṣòdì ní oṣù kìíní 2016. Àwọn tó pàdánù ọjà wọn dúró lójú títì, wọ́n ń ṣépè pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ kò ní dúró. Ẹkún wọn yé mi, mi ò sì ní bá wọn wí nítorí rẹ̀. Lónìí ibùdókọ̀ ńlá wà ní Òṣòdì, wọ́n ṣí i ní 2019, ọmọ ọlọ́mọ sì ń wọkọ̀ níbẹ̀ láràárọ̀. Ṣé ká máa gbàdúrà kí ó wó lé wọn lórí? Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Arìnrìn-àjò tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ Bàbá Áfà lọ, àlùfáà Mùsùlùmí tí ilé wa kọjú síra. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ rọra. Àlàpà kan wà tí kò yẹ kéèyàn máa fi ṣeré." Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí Ànábì Muhammad ń lọ sí Tàbúùkù, wọ́n gba Al-Hijr kọjá, ibùgbé àwọn ará Thamud tí Ọlọ́run pa run, ó sì sọ fún àwọn tó tẹ̀ lé e pé kí wọ́n má wọ ibẹ̀, àfi bí wọ́n bá ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Áfà wọ̀ mí lára, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́. Mo gbà pé ibì kan wà tó yẹ kí ẹsẹ̀ wa falẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ijó sí etí kánààlì Òkè-Àfà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ànábì ní kí wọ́n ṣe: ẹkún. Ẹni tó ń sunkún níbi ahoro ń bẹ̀rù Ọlọ́run nítorí ara rẹ̀. Àwọn aṣẹ́gun Òwu kò sunkún. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun máà ní ibi tí yóò padà sí, wọ́n wá pe ìfẹ́ inú wọn ní èèwọ̀. Bàbá Áfà fúnra wọn ló wá rán mi létí pé Kùránì sọ ọ́ pé ọkàn kan kò ní ru ẹrù ọkàn mìíràn. Bí ọmọ kò bá ní ru ẹrù bàbá rẹ̀, báwo ni yẹ̀pẹ̀ ṣe máa rù ú?

Èkó tí a ń gbé yìí náà jóná. Ní ìparí oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì da ìbọn ńlá bo ìlú, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, Òṣòdì Tápà balógun rẹ̀ sì bá a lọ. Ní 1862 ni Òṣòdì padà wá, tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Orúkọ oyè rẹ̀ ni a ń pe Òṣòdì wa yìí títí dòní. Ká ní ẹnìkan ti fi èèwọ̀ de ilẹ̀ Èkó lẹ́yìn iná ọjọ́ yẹn, kí gbogbo wa sì gbà á gbọ́, ibo ni à bá wà?

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́: ilẹ̀ kì í jẹ̀bi. Ègún tí aṣẹ́gun gé lé ilẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀rù èèyàn ló ń gbé e dúró, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá sì tán ni òun náà tán. Orílé-Òwu, ní ilẹ̀ Òwu àtijọ́, wà lónìí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ní ọba, ó ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń lọ wọ́n ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Òwu, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, ẹ bá wọn lọ, nítorí odi tí àwọn baba yín wó wà nínú ìtàn tiyín náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ẹ yà níbi ìrántí tó wà ní Òkè-Àfà, kí ẹ gbàdúrà fún àwọn tó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ fún yín pé ilẹ̀ kan wà lábẹ́ ègún, ẹ béèrè ẹni tó gé e lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí onítọ̀hún rí gbà nídìí rẹ̀.